Ìka Méjì Lọ́rùn Aṣọ Mi

Òórùn ni ìlú yìí fi kí mi káàbọ̀. N kò tíì mọ orúkọ òpópónà tí mo wà tí mo ti mọ òórùn rẹ̀: tòmátì tó jẹrà láti ọjà Mile 12, tí òjò pò mọ́ ẹrẹ̀, tí táyà ọkọ̀ ńlá sì tẹ̀ pa, ìtọ̀ tó gbẹ mọ́ ara ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀, gọ́tà tí omi rẹ̀ kì í ṣàn, tó kàn ń hó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan dáná sábẹ́ rẹ̀. Ní Pobè tí wọ́n ti bí mi, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òórùn epo pupa ló ń jí wa láàárọ̀. Mo rò pé gbogbo ìlú ló ní òórùn tirẹ̀, pé tó bá yá yóò mọ́ mi lára. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí. Kò mọ́ mi lára.

Àwọn ará ilé wa ní Pobè máa ń sọ pé n kò sí ní òkèèrè. Lójú tiwọn, ẹni tó bá lọ sílẹ̀ òyìnbó ló lọ sí òkèèrè. Èmi kàn sọdá ẹnubodè ni, mo wà láàárín àwọn tó ń sọ èdè wa. Wọn kò mọ̀ pé èdè kan náà yẹn ló máa ń dunni jù. Tí mo bá la ẹnu ní Kétu, kí n tó parí gbólóhùn kan, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín. Á ní kí n tún un sọ. Á pe ẹlòmíràn kó wá gbọ́. Mọ́mì Kútọ́nú ni wọ́n ń pè mí, èmi tí n kò sùn ní Kútọ́nú ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé mi. Faransé tí mo kà dé ìwé girama kò wúlò fún ohunkóhun níbí, àfi kí àwọn ọmọ kékeré máa kí mi ní "bọ́nsúà", kíkí ìrọ̀lẹ́, ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n sì sá lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìkòsì ló gbà mí síṣẹ́. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ kíláàsì, èmi ni mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ náà kò tì mí lójú, nítorí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ ń lò, kí n tó da oògùn apakòkòrò sí i. Ẹni tó bá da oògùn lé ìdọ̀tí lórí, ìdọ̀tí olóòórùn dídùn ló ní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kí n tó dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀.

Ọdún kejì tí mo dé ni ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ṣẹlẹ̀. Yàrá mẹ́wàá ló dojú kọra nílé tí mò ń gbé ní Kétu, balùwẹ̀ kan ṣoṣo la jọ ń lò. Obìnrin tí yàrá rẹ̀ tẹ̀lé tèmi, Ìyá Délé là ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wẹ ọmọ rẹ̀ tán, ó sì fi ìgbẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ lójú ihò tí omi ń gbà jáde. Omi kún ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kó o. Bóyá ohun tí mo sọ ló bí i nínú, bóyá ohùn tí mo fi sọ ọ́ ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mí lọ́rùn aṣọ mú, ó ń mì mí bí ẹni ń gbọn ẹní.

"Ìwọ tá a gbà sílé," ó ní, "ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní ìmọ́tótó?"

Nígbà tó sú u, ó jù mí sílẹ̀. Mo jókòó sínú omi náà.

Àwọn ará ilé tó dúró rẹ́rìn-ín. N kò rò pé wọ́n ní ibi lọ́kàn sí mi. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí wọ́n fi Kútọ́nú sílẹ̀ jàre, kò mọ ìjà. Òótọ́ ló sọ. Mo wẹ̀ nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ náà, mo sì sun aṣọ náà níná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbẹ́ ọmọ ló ń rí mi lára títí di òní. Ìgbẹ́ ọmọ ni mò ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ọwọ́ ara mi ló ń rí mi lára, bí méjèèjì ṣe rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, tí wọn kò ṣe ohunkóhun, bí àkísà ìnulẹ̀ tí a fi kọ́ ara ògiri.

Ní gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn kan máa ń wá kọ́ júdò nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Júdò jọ ìjàkadì tí àwọn ọkùnrin ń jà nílé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àmọ́ jákẹ́ẹ̀tì funfun tó nípọn ni wọ́n ń wọ̀, ọrùn aṣọ àti apá aṣọ ara wọn ni wọ́n sì ń dì mú kí wọ́n tó gbé ara wọn lulẹ̀. Èmi ni mò ń nu máàtì wọn. Kí n sọ òótọ́, nínú gbogbo ohun tí mo ti fọ̀ láyé mi, kò sí èyí tó kó mi nírìíra tó máàtì yẹn. Òógùn ogún ènìyàn ló ti mu. Mo ti rí odidi èékánná ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, mo ti rí irun àtọwọ́dá, mo ti rí bándéèjì tí ọyún gbẹ sí. Tí mo bá ká a, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lábẹ́ rẹ̀ dà bí ti bàtà tí òjò pa tí a gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo lọ bá ẹni tó ń kọ́ wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́gbọ̀n ọdún ni, imú rẹ̀ wọ́ sápá kan, Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Mo ní ẹni tí kò bá fọ ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ gorí máàtì tí mo bá ti nù. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ẹ wá gorí ẹ̀, ká wò ó bóyá ẹ máa rántí ẹsẹ̀."

Mo bi í bóyá eré ló ń ṣe. Ó ní rárá, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé eré ló ń ṣe. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo fọ ẹsẹ̀ mi, mo gorí máàtì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí nígbà náà.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Ìyẹn nìkan. A máa ń ká ọrùn wọnú, a máa ń fi apá na ilẹ̀ kí egungun má bàa gba gbogbo rẹ̀. Kóòṣì ní bí àpò gààrí ni mo ṣe ń ṣubú, kò sì parọ́. Tí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀ lé mi láyà, òógùn iwájú orí rẹ̀ á kán sí mi lẹ́nu, á gbóná, á sì níyọ̀. Ìgbà méjì ni mo sáré jáde lọ bì sínú gọ́tà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Mo fi omi inú ọ̀rá fọ ẹnu, mo padà wọlé. Àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi ti gba bẹ́líìtì aláwọ̀ ìyeyè. Funfun tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni tèmi.

Àwọn tí mo ti sọ ìtàn yìí fún máa ń béèrè ohun tí kò jẹ́ kó sú mi. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí Sátidé kan tí ẹsẹ̀ mi kò wúwo lójú ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbé síwájú ara mi: kí n gbé ẹnì kan lulẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ ṣubú. Ẹyọ ẹnì kan péré. Tí mo bá ti ṣe é, mo lè fi júdò sílẹ̀ kí n máa nu máàtì mi lọ. Kì í ṣe Ìyá Délé ni mò ń rò. Ó ti kó lọ sí Ìṣẹ́rí Olówóra kí n tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọwọ́ mi ni mò ń rò.

Ohun kan wà tí mo ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí àwọn ọmọ náà bá fẹ́ di ara wọn mú, gbogbo ọwọ́ ni wọ́n ń lò, títí oríkèé ìka á fi funfun. Tó bá kàn mí, ìka méjì ni. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e, lórí etí ọrùn aṣọ mi, bí ẹni fẹ́ gbé òkú eku sọnù. Mo gbà pé mò ń rí wọn lára. Ta ló fẹ́ fi gbogbo ọwọ́ di aṣọ obìnrin tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mú? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ jákẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mò ń rẹ ẹ́ sómi ọṣẹ, mò ń sá a sóòrùn, mò ń lọ̀ ọ́ títí á fi le bí pákó. Ìka méjì náà ni.

Ní oṣù karùn-ún, Bùsọ́lá ṣubú. Òun ni Kóòṣì sábà máa ń fi bá mi ṣe é: ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Kétu, ó ga, ó lágbára, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mo yí ìbàdí bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo fà á, ó sì gba orí ẹ̀yìn mi kọjá bí ìrọ̀rí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ẹyọ ẹnì kan náà kò tó mi mọ́: lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé ọmọkùnrin kan lulẹ̀. Kí oṣù keje tó parí, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí n kò tíì gbé lulẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni mo máa ń pe Ìyá mi ní Pobè. Ọ̀rọ̀ wa kì í pọ̀ tẹ́lẹ̀: ara ń kọ́, òjò ti rọ̀, lágbájá ti kú. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ènìyàn lulẹ̀, òun ló ń pè mí. Á béèrè iye wọn, á béèrè bí wọ́n ṣe sanra tó. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń fún epo. Ó ní ọmọ òun tí kò lè lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo ló ń na àwọn ará Èkó báyìí.

Ìrìn mi náà yí padà. Ẹni tó bá ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ, mo máa ń wò ó ni, títí á fi rántí pé òun gbọ́. Mò ń wọ balùwẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú, mò ń dúró de kẹ̀kẹ́, ó sì wá sí mi lọ́kàn pé bóyá ìlú yìí ti ń gbà mí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn kan tó ń kọ́ júdò ní Mende wá kí wa. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, kúkúrú, tó sanra, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Mo ní kí àwa méjèèjì jọ ṣe é. Kóòṣì ń sọ pé kí n sinmi, pé ó ti rẹ̀ mí. N kò gbọ́. Sájẹ́ǹtì tẹ orí ba díẹ̀, ó na ọwọ́, ó sì di ọrùn aṣọ mi mú.

Gbogbo ọwọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ara mi kò tíì gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ balùwẹ̀. Mo yí ìbàdí, mo fà. Ògiri ni mò ń fà. Ó dúró dè mí títí mo fi ṣe tèmi tán, ó wá gbé mi lulẹ̀. Mo dìde, ó gbé mi lulẹ̀. Ní ìgbà kẹfà, kò jù mí mọ́, ó rọra tẹ́ mi sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ìkókó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi. Kò sí ìyájú nínú ohùn rẹ̀.

"Ìyá mi, ta ló ń parọ́ fún yín níbí?"

Mo gbójú sókè. Gbogbo àwọn ọmọ ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo bi Kóòṣì. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó, mò ń wò ó títí ẹ̀rín náà fi tán. Ó ní òun kọ́ ló ní kí wọ́n máa ṣubú fún mi, kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ọmọkùnrin kan tilẹ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ nílé pé àgbàlagbà kan ń bá àwọn kọ́ júdò, ìyá rẹ̀ sì ní lọ́jọ́ tó bá di ìyá ọlọ́mọ lọ́rùn aṣọ mú, kó má padà wálé.

"Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá fà wọ́n, wọ́n á ṣubú," ó ní. "Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe? Ta ló máa gbé ìyá ẹ̀ lulẹ̀?"

Ìka méjì yẹn kì í ṣe ìríra. Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí lè rò pé ó yẹ kí inú mi dùn. Ó rí mi lára ju òógùn tó mú mi bì sí gọ́tà lọ. Ó dà bí ìgbà tí mo gbọ́ pé oúnjẹ tí mò ń jẹ láti oṣù mẹ́ta, tí mò ń lá ìka sí, ẹlòmíràn ló ti jẹ ẹ́ lẹ́nu kí wọ́n tó fi ìkúnlẹ̀ gbé e fún mi. Mo tún ti bù níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò gorí máàtì. Mò ń nù ún, mò ń jáde. Láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń ṣubú, pàà, pàà, ìṣubú òótọ́. Mo rò ó pé kí Sájẹ́ǹtì tó dé, nínú ọdún mẹ́fà ní ìlú yìí, ẹnì kan péré ló ti fi gbogbo ọwọ́ rẹ̀ kàn mí, Ìyá Délé sì ni. Àwọn tó ń fi ohùn mi rẹ́rìn-ín, ìka méjì ni wọ́n ń lò. Àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí mi, ìka méjì náà ni. Bóyá bí a ṣe ń di àlejò mú nìyẹn, ibi yòówù kó ti wá.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọ, o ń bínú. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ ọ légungun ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni òun fẹ́ wá sọ fún àwọn ènìyàn báyìí. Mo ní kó má tíì sọ nǹkan kan.

Ní Ọjọ́rú kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Bùsọ́lá wá bá mi nílé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọkùnrin. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n padà.

"Dìde," mo ní. "Ìtọ̀ lo kúnlẹ̀ sí."

Ó fò dìde, ó wo orúnkún rẹ̀, ó wò mí. Àwa méjèèjì fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo bu omi, mo fọ orúnkún rẹ̀ fún un, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ fún un, èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Èkó. Mo sọ ti ìgbẹ́ ọmọ. Mo sọ ti omi náà.

"Tó o bá ń fi ìka méjì dì mí mú," mo ní, "lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá tún fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú, inú omi yẹn náà ni mo máa jókòó sí. Ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi gbogbo ọwọ́ di ọrùn aṣọ mi mú, ojú rẹ̀ ń wo ibòmíràn, ó sì gbé mi lulẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí eyín mi fi gbá ara wọn. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ lórí máàtì.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe é. Á gbé mi lulẹ̀, á kúnlẹ̀, á tọrọ àforíjì, kò sì ní jẹ́ kí n ráyè mí. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá tún tọrọ àforíjì, òun ló máa nu máàtì. Ó nu máàtì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rí èékánná, ó rí ohun tí mò ń rí. Lẹ́yìn ìyẹn kò tọrọ àforíjì mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ àwọn yòókù pé kí wọ́n lọ fọ ẹsẹ̀ wọn. Ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún kò bá mi ṣe é mọ́ rárá. N kò bá a wí. Ìyá rẹ̀ ló bí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi ń ṣubú. N kò gbé ẹnikẹ́ni lulẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tí Ìyá bá pè, mo máa ń sọ fún un pé mo ṣubú, òun náà á ní "ó dáa," bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé òjò rọ̀.

Ó di Sátidé kan tí òjò ti rọ̀ láti òwúrọ̀. Òórùn tòmátì jíjẹrà wọ inú gbọ̀ngàn dé orí máàtì. Bùsọ́lá dì mí mú, èmi náà dì í mú, à ń ti ara wa. Òógùn rẹ̀ kán sí mi lẹ́nu. N kò ráyè tu ú. Mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó fẹ́ gbé e tí kò tíì gbé e, mo sì wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀. Ó kọ̀. Ó fi gbogbo ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọrùn aṣọ mi, ọwọ́ méjèèjì, ó ń fà mí padà, mo sì ń lọ. Mo gbọ́ nígbà tí aṣọ náà ya. Lẹ́yìn náà ni máàtì dún.

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Bùsọ́lá wà nílẹ̀, ìdajì ọrùn aṣọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí pẹ̀lú ìbínú tí ọmọ ẹlòmíràn kò tíì fi wò mí rí ní ìlú yìí. Ó pòṣé. Lẹ́yìn tó ti pòṣé tán ló rántí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kó má dààmú.

Ó ní òun máa bá mi rán ọrùn aṣọ náà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun. Mo ní kó fi sílẹ̀ ná. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo nu máàtì. Òórùn rẹ̀ kò yí padà. Mo rí irun àtọwọ́dá kan tó já lórí Bùsọ́lá, mo fi ìka méjì mú un, mo sọ ọ́ nù.

Lọ́jọ́ Àìkú mo ya fọ́tò jákẹ́ẹ̀tì náà, mo fi ránṣẹ́ sí Pobè. Ìyá pè mí lójú ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ta ló fa aṣọ mi ya báyìí, ta ló ń bá mi jà nílẹ̀ onílẹ̀.

"Ẹnì kan tí kò fẹ́ ṣubú ni, Ìyá."



"Ṣé ó ṣubú?"

"Ó ṣubú."